Eré wo ló yẹ ọmọ tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀? Ìfiwéra fún òbí àti olùkọ́

Bí olùkọ́ bá ti ránṣẹ́ pe òbí lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lórí ọmọ kan náà, pé kì í jókòó, pé ó ń bá gbogbo kíláàsì jà, pé ọ̀rọ̀ kì í wọ̀ ọ́ létí, ẹnì kan ládùúgbò á ti gba òbí náà nímọ̀ràn: "Ẹ fi í sí ìdí eré ìdárayá, kó máa lo agbára yẹn síbẹ̀." Ìmọ̀ràn gidi ni. Ibi tó kù sí ni pé ẹni tó gbani nímọ̀ràn kì í sọ eré wo, kì í sọ ọ̀dọ̀ ta ni, kì í sì í béèrè irú ọmọ tó jẹ́. Ọmọ tí inú rẹ̀ ń ru sókè tí ẹlòmíràn bá fara gbún un yàtọ̀ sí ọmọ tí kò lè ní sùúrù kó tó kàn án. Eré tó tu ọ̀kan lára lè sọ èkejì di oníjà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ gbé àwọn eré tó wà ní àrọ́wọ́tó òbí ní ilẹ̀ Yorùbá kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: eré ìdárayá ilé ìwé, bọ́ọ̀lù, tákwáńdò àti júdò, ẹ̀ṣẹ́ àti ìjàkadì, ìlúwẹ̀ẹ́, tẹ́níìsì orí tábìlì, eré sísá. Àwọn ọmọ tí mo ní lọ́kàn ni àwọn tó wà láàárín ọdún 6 sí 15, tí ìwà wọn ti ń kó wọn sí wàhálà nílé tàbí ní ilé ìwé. Àwọn kan nínú wọn ní ADHD, àìlera tí kì í jẹ́ kí ọkàn ọmọ dúró sójú kan, tí kì í sì í jẹ́ kí ara rẹ̀ lélẹ̀. Àwọn kan ti rí ohun tó le ju ọjọ́ orí wọn lọ. Àwọn mìíràn kàn wà nínú yàrá àti kíláàsì láti àárọ̀ dalẹ́ ni, ara wọn ò ríbi nà. Kò sí ọmọ burúkú nínú wọn.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí ẹ tó wo eré, ẹ wo ọmọ. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ mú bébà, kí ẹ máa kọ ohun tó ṣáájú ìjà tàbí ìbínú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó rí i pé ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́rin ló ń tún ara rẹ̀ ṣe: kó máa dúró lásán de ìgbà tó máa kàn án, kí ẹlòmíràn fara gbún un, kó pàdánù tàbí kí wọ́n fi í ṣẹ̀sín, àti ariwo pẹ̀lú èrò. Èyí tó bá pọ̀ jù nínú bébà yín ni kí ẹ fi yẹ eré kọ̀ọ̀kan wò. Ṣé eré yìí á máa tọ́ ọ níjà níbẹ̀ ṣáá, àbí á fún un láyè kó sinmi lọ́wọ́ rẹ̀?

Ohun kejì ni ìṣẹ́jú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán, ọmọ ọdún 5 sí 17 nílò ìṣẹ́jú 60 lóòjọ́, ní ìpíndọ́gba, tí ara rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ débi tí èémí rẹ̀ ń yára. Tí ọmọ bá wà ní pápá fún wákàtí kan, tó sì fi ìṣẹ́jú 45 dúró lórí ìlà, ìṣẹ́jú 15 lẹ san owó fún. Ẹ lọ jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí ẹ máa wo aago.

Owó ni ìkẹta, ẹ má sì ka ti ìforúkọsílẹ̀ nìkan. Owó ọkọ̀ ní àlọ àti àbọ̀ wà níbẹ̀, aṣọ àti bàtà wà níbẹ̀, ọjọ́ tí ìyá ní láti ti ṣọ́ọ̀bù kí ọwọ́ ọjà tó dẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ṣé ohun náà á dúró? Ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ́ kí ohun tí wọ́n sọ pé ó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Tuesday ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Tuesday. Ibi tí wọ́n ti ń yí ọjọ́ padà bó ṣe wù wọ́n, tí akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun ń dé lóṣooṣù, á pa á lára ju kó jókòó sílé lọ.

Ìkarùn-ún, tó wúwo ju gbogbo rẹ̀ lójú mi, ni ẹni tó ń kọ́ni. Ẹ má dá ọjọ́ fún un kí ẹ tó lọ wò ó. Ẹ wo ohun tó ń ṣe fún ọmọ tó ṣe ìkẹyìn. Ẹ wò ó bóyá pankẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń pe orúkọ wọn, ẹ sì wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọmọ méjì bá kọlura: ṣé ó ń ké mọ́ wọn láti òdìkejì pápá, àbí ó rìn dé ọ̀dọ̀ wọn? Ibi tí wọn kò bá ti gbà kí òbí jókòó wò, tàbí tí ẹnì kan ti ń dá wà pẹ̀lú ọmọ níbi tí ojú kò tó, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Eré ìdárayá ilé ìwé

Èyí ló dínwó jù, òun náà sì ni wọ́n pa tì jù. Nínú ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí Nàìjíríà tún ṣe ní 2012, wọ́n kó ẹ̀kọ́ ìdárayá àti ìlera pọ̀ mọ́ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì, ohun tó kù nínú rẹ̀ ni kí ọmọ fi rúlà ya pápá bọ́ọ̀lù sínú ìwé, kó kọ gígùn àti ìbú rẹ̀ sí i, kó sì há orúkọ iṣan ara sórí fún ìdánwò. Ọmọ tí ara rẹ̀ ń ṣe wàyìwàyì jókòó fún ogójì ìṣẹ́jú ó ń ya pápá tí kò ní tẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni àǹfààní tó tóbi jù wà, nítorí ọmọ ti wà nílé ìwé, owó ọkọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Betsy Hoza àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké ní ìṣẹ́jú 31 eré líle láàárọ̀ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12. Ìwádìí wọn, tó jáde ní 2015, rí i pé ọkàn àwọn tó wà nínú ewu ADHD túbọ̀ ń pa pọ̀ ju ti àwọn tí wọ́n fi iṣẹ́ ìjókòó dá lárayá lọ. Ní Boston, ilé ìwé Manville wà fún àwọn ọmọ tí ìṣòro ìwà àti ti ọkàn wọn le débi tí ilé ìwé gbogbogbòò kò ti gbà wọ́n mọ́ra. April Bowling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ aláìrìn tó ní ojú fídíò wọ inú ẹ̀kọ́ ìdárayá ọmọ 103 níbẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 7. Nínú èsì wọn, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017, ìṣeéṣe pé kí ọmọ sọ ìjánu ara rẹ̀ nù, tàbí kí wọ́n lé e jáde ní kíláàsì, fi ìdá 32 sí 51 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ọjọ́ tí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ ni ìyàtọ̀ náà sì hàn jù.

Kò sí kẹ̀kẹ́ fídíò ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, kò sì di dandan. Ohun tí òbí lè mú lọ bá ọ̀gá ilé ìwé ni àkókò: ṣé ẹ lè jẹ́ kí àwọn ọmọ sáré, kí wọ́n fò okùn, kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀ kí ìtò àárọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, dípò ọ̀sán tí oòrùn ti mú, tí gbogbo ìjà ọjọ́ náà sì ti ṣẹlẹ̀ tán? Okùn àti bọ́ọ̀lù mélòó kan ló gbà. Ẹ bá a sọ ọ̀kan mìíràn pẹ̀lú: kí wọ́n má fi eré jẹ ọmọ níyà. "O ò ní jáde lọ ṣeré lónìí" ni ìyà tó rọ olùkọ́ lọ́rùn jù, ọmọ tó nílò eré yẹn jù ló sì ń bọ́ sí lórí. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ kedere láti 2013 pé kí wọ́n má gba àkókò ìsinmi lọ́wọ́ ọmọ nítorí ìyà tàbí nítorí iṣẹ́ ìwé. Lọ́dọ̀ tiwa, ṣe ni wọ́n á ní kó kúnlẹ̀, kó kawọ́ sókè, kó máa wo ojú fèrèsé bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń sáré. Tó bá padà wọ kíláàsì, ara rẹ̀ á ti le ju ti àárọ̀ lọ.

Fún olùkọ́ tó fẹ́ ṣe é dáadáa, iṣẹ́ Don Hellison wúlò. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ tí wàhálà ti yí ká ní Chicago, ó sì gbé ẹ̀kọ́ ìdárayá ka orí àtẹ̀gùn márùn-ún. Kí ọmọ kọ́kọ́ lè wà níbẹ̀ láìda ẹlòmíràn láàmú. Kó tó gbìyànjú eré náà fúnra rẹ̀. Kó tó lè dá ṣe é láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Kó tó ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Kó tó gbé gbogbo rẹ̀ jáde kúrò ní pápá lọ sílé. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ọmọ tó kàn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà lónìí láìjà ti gun àtẹ̀gùn kan, ẹ sì lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù

Òun ló sún mọ́ ilé jù, òun ni ọmọ fúnra rẹ̀ sì máa ń béèrè. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí a mọ̀ ládùúgbò kún fún ohun tó ń tọ́ ọmọ oníbìínú níjà. Ẹgbẹ́ tó bá jẹ góòlù méjì á jáde, ẹlòmíràn á wọlé, àwọn tó jáde á sì dúró títí á fi tún kàn wọ́n. Ìdúró, ìpàdánù, ẹ̀sín, ìfaragbúnra, ariwo àwọn tó ń wòran, gbogbo rẹ̀ pé síbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí bébà yín bá fi hàn pé ẹ̀sín ló ń ta ọmọ yín nídìí, ẹ má jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ níbí, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi í ṣọ́ ilé. Gbogbo góòlù tó bá wọlé, orí rẹ̀ ni wọ́n á dà á bò.

Ọmọ tí bọ́ọ̀lù yẹ ni èyí tí agbára pọ̀ lára rẹ̀, tó fẹ́ràn ènìyàn, tí ìjà rẹ̀ kì í pẹ́ tán. Fún un, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń gbá a ní mẹ́rin sí mẹ́rin tàbí márùn-ún sí márùn-ún. Ọmọ ọdún 8 nínú ìdíje mọ́kànlá sí mọ́kànlá lè rìn kiri fún ìdajì wákàtí láìfẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Ní mẹ́rin sí mẹ́rin, bọ́ọ̀lù á máa bá a ṣáá ni.

Ọ̀rọ̀ "akadẹ́mì" gba ìṣọ́ra. Àwọn kan dára, àwọn kan sì ń fi ìlérí òkè òkun gbowó lọ́wọ́ òbí tí ọkàn rẹ̀ ti dàrú sórí ọmọ. Òfin FIFA kò gba kí wọ́n gbé agbábọ́ọ̀lù tí kò tíì pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn, àfi ní ìwọ̀nba ọ̀nà díẹ̀ tí wọ́n là sílẹ̀. Ẹni tó bá ní òun máa mú ọmọ ọdún 12 yín lọ sí Yúróòpù lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ dìde níwájú rẹ̀. Ohun tí ẹ ń wá fún ọmọ yín ní báyìí ni ọkàn tó balẹ̀, akadẹ́mì tó ń lé ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n gbá tó dà nù kò sì lè fún un.

Tákwáńdò, júdò àti karate

Ibí ni ẹ̀rù ti ń ba òbí jù: "Ọmọ tó ń jà, ṣé ká tún lọ kọ́ ọ ní ìjà?" Ìbéèrè náà tọ́, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú bí wọ́n ṣe ń kọ́ni.

Ní 1986, Michael Trulson tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin 34 tí ìwà wọn ti gbé wọn dé ọwọ́ òfin. Wọ́n pín wọn sí mẹ́ta. Ẹgbẹ́ kìíní kọ́ tákwáńdò bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀: ìkíni, ìbọ̀wọ̀ fún olùkọ́ àti fún alátakò, ìjókòó jẹ́ẹ́, ẹ̀kọ́ ìwà, kí ìjà tó tẹ̀lé e. Ẹgbẹ́ kejì kọ́ ìjà nìkan. Ẹgbẹ́ kẹta ń sáré, wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn oṣù 6, ìwà jàgídíjàgan ti dín kù lára àwọn ti ìkíni àti ìbọ̀wọ̀. Lára àwọn tó kọ́ ìjà nìkan, ó pọ̀ sí i. Eré kan náà ni, orúkọ kan náà ni.

Nítorí náà, tí ẹ bá dé gbọ̀ngàn tákwáńdò tàbí júdò, ẹ wo ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́. Ní ibi tó dára, àwọn ọmọ á tò, wọ́n á tẹrí ba fún olùkọ́, wọ́n á jókòó láìsọ̀rọ̀. Ẹni méjì tó fẹ́ bára wọn dán an wò á tẹrí ba fún ara wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì tún ṣe é lẹ́yìn tó bá parí, ìbáà jẹ́ ẹni tó pàdánù ni omijé wà lójú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti ń kọ́ ní ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ láti kékeré kì í rí èyí bí àjèjì, ó tètè máa ń mọ́ ọn lára. Ní ibi tí kò dára, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó gbọ́ ni "Gbá a! Gbá a dáadáa!"

Àǹfààní wọn mìíràn ni bẹ́líìtì. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò yìn rí ní ilé ìwé á rí nǹkan tó hàn sójú, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà bó ṣe ń tẹ̀ síwájú. Ìdíje pẹ̀lú ara ẹni ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ó sì ní ibi tó lè gbé ọmọ dé: Chika Chukwumerije gba bàbà fún Nàìjíríà nínú tákwáńdò ní Òlíḿpíìkì Beijing ní 2008.

Ní ti owó, aṣọ funfun ni àkọ́kọ́, owó oṣù tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà owó ìdánwò bẹ́líìtì, èyí tí ọ̀pọ̀ òbí kì í béèrè títí ó fi dé. Ẹ béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún, èló ni lẹ́ẹ̀kan. Láàárín júdò àti tákwáńdò, mo fara mọ́ júdò fún ọmọ tó máa ń gbá ènìyàn nípàá tí inú bá bí i, nítorí kò sí ẹ̀ṣẹ́ tàbí ìpá nínú rẹ̀. Ìdìmú àti ìgbénidà ni. Ọmọ tí kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn òun rárá, tákwáńdò ló máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kó sì fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe ìgbésẹ̀ rẹ̀ ní òun nìkan kó tó dojú kọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀ṣẹ́ àti ìjàkadì

Ìbàdàn ti fẹ́ràn ẹ̀ṣẹ́ láti ìgbà tí Dick Tiger ti lu Gene Fullmer ní pápá ìṣeré Liberty ní August 1963, kò sì sí ọmọkùnrin Èkó tí kò mọ ìtàn Anthony Joshua, tí ìdílé rẹ̀ wá láti Ṣágámù. Ẹ̀ṣẹ́ ló tún ayé rẹ̀ ṣe, òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́. Àmọ́ ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí ìbátan rẹ̀ kan mú un wọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní Finchley ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ọdún 9 kọ́ ni.

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà àti ti Kánádà pa ohùn pọ̀ ní 2011 pé kí ọmọdé àti ọ̀dọ́langba má ja ẹ̀ṣẹ́, nítorí pé orí gan-an ni wọ́n ń fojú sùn. Ní Norway, Inger Endresen àti Dan Olweus tẹ̀lé àwọn ọmọkùnrin tó ń ṣe eré alágbára, ẹ̀ṣẹ́, ìjàkadì, irin gbígbé àti àwọn ìjà ilẹ̀ Éṣíà, wọ́n sì rí i nínú ìwádìí tó jáde ní 2005 pé ìwà jàgídíjàgan wọn níta pápá pọ̀ sí i. Ẹ rántí pé júdò àti karate wà nínú àwọn tí wọ́n kà yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ olùkọ́ lókè. Ní ti ẹ̀ṣẹ́, èmi kò ní mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 lọ, bó ti wù kó bẹ̀ tó. Tó bá fẹ́ lu àpò nìkan, tí ẹnikẹ́ni kò lu orí rẹ̀, ìyẹn yàtọ̀.

Ìjàkadì wa, ẹkẹ tàbí gídígbò, dùn mọ́ mi ju ẹ̀ṣẹ́ lọ fún ọmọdé. Orí iyanrìn ni, ẹ̀yìn á kan ilẹ̀, ó sì parí. Ẹni tó dáni á fa ẹni tó ṣubú dìde. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àwọn tó ń kọ́ ọmọdé ní i lọ́nà tó létò kò pọ̀ mọ́, ibi tí ẹ bá sì ti rí i, ẹ fi ojú kan náà wò ó tí ẹ fi wo tákwáńdò.

Ìlúwẹ̀ẹ́

Fún ọmọ tí ariwo àti èrò ń dà lọ́kàn rú, n kò mọ eré tó dà bí èyí. Orí bá ti wọ inú omi, ariwo gé. Kò sí ẹni tó ń fara gbún un, ọ̀nà tirẹ̀ ló ń lúwẹ̀ẹ́ lọ, ó ń ka ìgbà tó dé ògiri. Michael Phelps, ọmọ Baltimore, ni gbogbo ayé fi ń ṣe àpẹẹrẹ: ọmọ ọdún 9 ni nígbà tí àwọn dókítà sọ pé ó ní ADHD. Ẹ̀rù ń bà á láti ki ojú bọ omi, wọ́n sì jẹ́ kó kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn lúwẹ̀ẹ́. Ó gba àmì ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì 28, 23 nínú rẹ̀ jẹ́ wúrà. Èyí tí kò yẹ kí òbí gbàgbé nínú ìtàn yẹn ni pé akọ́nimọ̀ọ́gbá kan náà, Bob Bowman, ló wà pẹ̀lú rẹ̀ láti ọmọ ọdún 11 títí dé òpin.

Owó ni ìdènà. Ibi ìlúwẹ̀ẹ́ tó mọ́ wà ní òtẹ́ẹ̀lì àti ní ilé ìwé olówó jù lọ, ẹ ó sì san owó ìwọlé ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ, yàtọ̀ sí ti olùkọ́. Ewu wà níbẹ̀ pẹ̀lú, pàápàá fún ọmọ tó máa ń fò kó tó ronú. Ẹ béèrè iye ọmọ tó wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan. Tó bá ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ fún àwọn tí kò tíì mọ̀ ọ́n, ẹ má fi ọmọ yín sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ omi gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń kọ́ni. Bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ bá jẹ́ SS, ìyẹn àrùn fọ̀níkúfọ̀láàrùn, omi tútù lè gbé ìrora dìde. Bó bá ní wárápá, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan omi.

Tẹ́níìsì orí tábìlì

Ká ní wọ́n ní kí n yan ọ̀kan ṣoṣo fún òbí tí kò lówó púpọ̀, tí ọmọ rẹ̀ kò lè dúró, tí kò sì fẹ́ kí wọ́n fara kan òun, èyí ni mo máa yàn. Tábìlì wà láàárín òun àti ẹnì kejì, ìfaragbúnra kò sí. Bọ́ọ̀lù á ti padà dé kí ọkàn rẹ̀ tó rìn jáde. Ẹni méjì ń pààrọ̀ sáàbù, ìyẹn ẹni tó máa kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù, lẹ́yìn àmì méjì méjì, ẹni tó bá kọ́kọ́ gba àmì 11, tó sì fi àmì méjì ju ẹnì kejì lọ, ló jẹ ìpele kan. Ohun gbogbo kúrú, ó yára, ó sì ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tí ọmọ rí.

Pátákó kan, búlọ́ọ̀kù díẹ̀ tó dúró bí àwọ̀n, bọ́ọ̀lù àti pátákó ìgbá méjì, ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Èkó, Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ibi tó létò, gbọ̀ngàn Molade Okoya-Thomas wà ní pápá ìṣeré Teslim Balogun ní Sùúrùlérè, Rowe Park wà ní Yaba. Àwọn tí ọmọ lè wò bí àwòkọ́ṣe sì pọ̀: Quadri Aruna láti Ọ̀yọ́ wà lára àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní Òlíḿpíìkì Rio ní 2016, kò sí ọkùnrin Áfíríkà tó dé ibẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀, Fúnkẹ́ Ọ̀ṣọ́náìkẹ́ lọ sí Òlíḿpíìkì méje.

Àléébù rẹ̀ ni pé ìpàdánù hàn gbangba. Kò sí ẹgbẹ́ tó máa bá a pín in. Ọmọ tí kò lè gba ìpàdánù á ju pátákó mọ́lẹ̀, ó sì lè jù ú lu ẹlòmíràn. Fún irú rẹ̀, ẹ sọ fún akọ́nimọ̀ọ́gbá pé oṣù àkọ́kọ́ kò ní ka àmì rárá. Kí wọ́n máa ka iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù lọ tó bọ̀ láìjábọ́, kí òun àti alátakò rẹ̀ jọ máa wá iye tó ga sí i. Ìgbà tí ìyẹn bá ti mọ́ ọn lára ni kí àmì tó wọ̀ ọ́.

Eré sísá

Òun ló kéré owó jù lẹ́yìn ti ilé ìwé. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sáré fo igi 100 mítà ní Eugene ní 2022, kò sì sí obìnrin tó tíì sá a yára tó bẹ́ẹ̀ láyé ṣáájú rẹ̀. Fún ọmọ tó ń sá jáde ní kíláàsì ṣáá, sáré kúkúrú kúkúrú pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀ láàárín máa ń bá a mu. Sáré ọ̀nà jíjìn máa ń sú u. Àbùkù tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ilé ìwé kì í rántí eré sísá àfi tí ìdíje ilé-sí-ilé bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tó bá sì ti parí, ó di ọdún tó ń bọ̀. Tí kò bá sí ẹni tó máa mú un jáde lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ láàárín ọdún, ẹ má gbára lé e.

Ta ni kó mú èwo

Tí ìdúró lásán bá ni ìṣòro ọmọ yín, tẹ́níìsì orí tábìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà sáré kúkúrú. Tó bá jẹ́ ariwo àti èrò, tí agbára yín sì ká a, ìlúwẹ̀ẹ́. Tí agbára kò bá ká a, tákwáńdò ní gbọ̀ngàn tí ọmọ kò pọ̀ sí. Ọmọ tó ń jà nítorí pé kò sí ẹni tó bọ̀wọ̀ fún un, júdò tàbí tákwáńdò lọ́dọ̀ olùkọ́ tó ń kọ́ ìwà, ẹ sì dúró tì í débi ìdánwò bẹ́líìtì àkọ́kọ́. Ọmọ tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ ṣùgbọ́n tó ń ṣe àṣejù, bọ́ọ̀lù mẹ́rin sí mẹ́rin. Ọmọbìnrin náà wà nínú gbogbo èyí. Wọ́n kì í tètè mú wọn lọ síbi eré, torí ìbínú tiwọn lè má jẹ́ ìjà, ó lè jẹ́ ìdákẹ́ àti ìkọ̀rọ̀, eré tó sì yẹ wọ́n kò yàtọ̀. Ìdílé tí kò sí owó kankan rárá, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ okùn fífò àti eré àárọ̀.

Ọmọ tó ń pa ara rẹ̀ lára, tó ń sọ pé òun fẹ́ kú, tó ń dáná sun nǹkan tàbí tó ń dá ẹranko lóró, ilé ìwòsàn ni kó ṣáájú. UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka fún ọkàn ọmọdé àti ọ̀dọ́, ilé ìwòsàn Yábàá ní èyí tó wà ní Òṣòdì, Aro sì wà ní Abẹ́òkúta. Dókítà fúnra rẹ̀ lè ní kí eré wà nínú ìtọ́jú náà.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá akọ́nimọ̀ọ́gbá jókòó. Ẹ sọ ohun tó ń mú ọmọ náà bínú, ohun tó ń rọ̀ ọ́ lọ́kàn, kí ẹ sì jọ fẹnu kò lórí àmì kan tí ọmọ lè fi ọwọ́ ṣe tó bá fẹ́ jáde sí ẹ̀gbẹ́ fún ìgbà díẹ̀, láìsí ìbéèrè. Ẹ fún eré náà ní táàmù kan gbáko. Tó bá jẹ́ pé títí di òpin táàmù, ńṣe lẹ ń wọ́ ọ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹkún, ẹ yí i padà, kí ọmọ náà sì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yan èyí tó kàn.